Àbàwọ́n Tí A Kì Í Fọ̀

Ọmọ ìkókó ni gbogbo wọn rò pé ọmọbìnrin náà gbé wọlé. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì funfun wé e, ó gbé e sáyà, ó sì ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ jí. Òjò ti lu òun fúnra rẹ̀ títí omi fi ń kán láti irun rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú táwẹ́ẹ̀lì náà kò tutù rárá.

"Ẹ dín ariwo kù," ni Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà wí láti ìdí tábìlì rẹ̀. "Ọmọ ń sùn."

Ọmọbìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó tú táwẹ́ẹ̀lì, ìwé kan sì yọjú. Ìwé náà gbó débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, àwọn ojú ìwé rẹ̀ sì ń mì bí eyín arúgbó.

"Ọmọ yìí dàgbà jù mí lọ, sà," ló dáhùn. "Ẹ̀yìn ló ń dùn ún."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ọkùnrin tó jókòó sí ìdí fèrèsé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka, kò sì tíì mọ̀.

Aránwèé ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, nítorí bí aránṣọ ṣe ń rán aṣọ ni òun ń rán ìwé. Bí ìwé ilé ẹ̀kọ́ bá já, bí ìwé òfin agbẹjọ́rò bá bọ́ èèpo sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Ọ̀gá ni wọ́n ń kó wọn wá. Aránwèé ni yóò tú wọn, òun ni yóò rán wọn, òun náà ni yóò lẹ̀ wọ́n tí yóò sì fún wọn ní èèpo tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹnu rẹ̀ ni kò yá.

"Kí ló ṣe é?" ló bi ọmọbìnrin náà.

"Kíkà ni. A ti kà á jù."

"Kíkà kì í ba ìwé jẹ́. Àìfi sùúrù ṣí i ló ń bà á jẹ́."

"Ẹ̀hẹ́n! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi sùúrù ṣí ìwé, èwo lẹ fẹ́ràn jù láyé?"

Aránwèé ronú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Mi ò ní," ló wí nígbẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin náà yí ojú ká ilé, ó wo àwọn ìwé tó tò dé òrùlé. "Ẹ wà létí odò, ẹ wá ń fi itọ́ bọ́jú!"

Ojú ti Aránwèé. Kì í kúkú ṣe pé kò mọ̀wé kà. Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ló lọ, lẹ́yìn tí baba rẹ̀ kú tí kò sí ẹni tó lè rán an lọ sí ti ọ̀sán. Ìwé ìtàn kan ṣoṣo ni kíláàsì wọn ní, olùkọ́ sì ya á sí mẹ́ta kó lè kárí. Àárín ló kan Aránwèé. Ó ka àárín náà títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí, àmọ́ kò mọ bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ bó ṣe parí títí di òní olónìí. Ó ṣì rántí pé òwú pupa ló ń yọ lẹ́yìn ìdá tirẹ̀ yẹn, ó sì máa ń rọra fà á bí ebi bá ń pa á. Bóyá òwú náà ló fà á dé ìdí iṣẹ́ yìí. Nígbà tó sì débẹ̀, ìwé di iṣẹ́. A máa ka ìlà méjì níhìn-ín, ìlà mẹ́ta lọ́hùn-ún, bí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ. Kò tíì ka ìwé kan láti orí dé ìdí rí.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni kí ẹ bá mi tún ṣe," ni ọmọbìnrin náà ń wí. "Ìwé tí bàbá mi fẹ́ràn jù nìyí. Òun náà ni èmi fẹ́ràn jù."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú afárá. Èyí tó kù, ẹ kà á, ẹ ó mọ̀."

Ó ká táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó padà sínú òjò.

Alágbàfọ̀ ni ọmọbìnrin náà. Ilé ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ òpópónà ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń mú kí gíláàsì fèrèsé máa làágùn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, a yà láti wá wo aláìsàn rẹ̀. Kí ó tó wọlé ni òórùn ọṣẹ ti máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀, Ọ̀gá a sì wú ikọ́, a ní òun fẹ́ jáde lọ ra nǹkan kan. Ohun tó ń rà náà kò hàn sẹ́nì kankan.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà ti ìka bọ inú agolo lẹ́ẹ̀ tó wà níwájú Aránwèé, ó fi ìka ra ìka.

"Sitáàṣì nìyí! Ohun tí mo fi ń mú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì dúró gan-an."

"Òun náà la fi ń mú ìwé dúró."

"Inú agolo kan náà la ti wá ń jẹun láti ọjọ́ yìí, ẹ ò tilẹ̀ sọ fún mi."

Aránwèé rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó lọ dé, dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbọ́ tí òkúta sọ̀rọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni "ẹ" di "o" láàrin wọn. Aránwèé bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín dé orígun òpópónà, lẹ́yìn náà ó ń sìn ín kọjá orígun. Ó sọ ìtàn ìwé tí wọ́n ya sí mẹ́ta fún un, èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Alágbàfọ̀ kò káàánú rẹ̀ lójú rẹ̀, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn.

"Ó dáa," ló wí. "Ọjọ́ tí o bá ní ìwé tí o fẹ́ràn jù, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún."

"Bí kò bá sí ńkọ́?"

"Olólùfẹ́ aláìníwèé! Kí ni mo fẹ́ wí fún bàbá mi?" Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìyá mi ti kú tipẹ́. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni bàbá mi fi tọ́ mi. Èmi àti ìwé yẹn ni gbogbo ohun tó ní. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ dá èkejì padà fún un ní pípé."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Aránwèé létí, ó sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó pinnu pé ẹ̀yìn nìkan kọ́ lòun máa tún ṣe.

Ó rán ìwé náà bí ẹni ń rán aṣọ ìyàwó. Ó yan aṣọ aláwọ̀ ewé fún èèpo rẹ̀. Ìgbà tó wá wo etí àwọn ojú ìwé, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Kìkì ọ̀dà ni, búlúù níhìn-ín, pupa rúsúrúsú lọ́hùn-ún, ó gbẹ, ó ga sókè pákápáká bí èépá. Òfin Ọ̀gá sì ni pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde nílé òun láìgé etí rẹ̀ kó gún régé. Aránwèé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé àbàwọ́n ló ń yọ láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, ẹ̀bùn wo ló tún dára jù báyìí lọ? Ó gbé ìwé náà sábẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé, ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà wálẹ̀, gbogbo etí náà sì bọ́ sílẹ̀ bí èékánná. Ìwé náà funfun nini.

Kò kà á.

Nígbà tí Aránwèé gbé ìwé náà lọ sílé Alágbàfọ̀, bàbá ọmọbìnrin náà jókòó sí ìdí fèrèsé nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ tí ó le gan-an. Ó na ọwọ́ sí Aránwèé láti kí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tí Aránwèé wà ni ọwọ́ náà lọ. Ìgbà náà ni Aránwèé tó mọ̀ pé bàbá náà kò ríran. Alágbàfọ̀ kò sọ fún un, nítorí bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ kí a fi ojú òun ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ kú ilé, sà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìwọ ni dókítà ìwé? Ọmọ mi ti fi orúkọ rẹ dí mi létí." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa èèpo tuntun náà, inú rẹ̀ sì dùn. "Ó gún. Ó gún gan-an ni. Ọwọ́ rẹ mọ́."

Ó ṣí ìwé. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ sí etí ojú ìwé, ó ń wá nǹkan, ó sì yọ̀ kúrò. Ó ṣí òmíràn, àtàǹpàkò náà tún yọ̀. Ó ṣí i títí, ó ń yára sí i, bí ẹni tó wọ ilé ara rẹ̀ tí kò bá àga kankan níbi tó gbé e sí.

"Ìwé ta lèyí?" ló béèrè.

"Tiyín ni, sà."

"Tèmi kọ́."

Alágbàfọ̀ gba ìwé náà, ó wò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀. "Àtàǹpàkò wọn dà?"

"Àtàǹpàkò wo?"

"Bàbá mi ti dàgbà kí wọ́n tó mọ̀wé. Èmi ni mo kọ́ wọn, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré. Inú ìwé yìí la ti kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí a bá ka ibi tí agbára wọn mọ, wọn a tẹ àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí a dé. Ọ̀dà kì í tán lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí ojú wọn wá lọ, ọ̀dà yẹn ni wọ́n fi ń kàwé. Bí ìka wọn bá ti kàn án, wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà, wọn a sì máa ka ìtàn náà lọ láti orí wọn."

Aránwèé wo etí ìwé tó gé náà. "Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo ní ìwọ tó ń yọ àbàwọ́n, inú rẹ á dùn."

"Àbàwọ́n ni mo ń fọ̀ jẹun, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká tó fọ aṣọ, a máa ń béèrè ohun tó ta sí i. O ò béèrè. O ò sì kà á."

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kò mọ̀ọ́mọ̀." Àmọ́ ó ti yí ojú sí fèrèsé, ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ pamọ́ sínú ìkúùkù. Ohun tó dun Aránwèé jù lọ nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ, sà. Ẹ jọ̀wọ́."

"Gbé e lọ. Kò wúlò fún mi bó ṣe wà yìí."

Lẹ́nu ọ̀nà, Alágbàfọ̀ kò bínú, kò pariwo. Ó kàn ní, "Má sìn mí lọ́nà mọ́," ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá bá Aránwèé níbi tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó da àpò ìgékù ìwé sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Àwọn tó ń kó jákujàku bébà kò tíì wá gbé e, ṣùgbọ́n ìgékù gbogbo ìwé tí wọ́n ti gé láti ọjọ́ pípẹ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí irun orí ọmọ tí wọn kò yà.

"O fẹ́ sọ ìyẹ̀fun di àgbàdo padà?"

"Mo ba nǹkan jẹ́, sà."

Ó rò ó fún un. Ọ̀gá họ orí. Òfin tirẹ̀ ló gé ìwé náà, ó sì mọ̀. "Ó dáa," ló wí. "Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Àwọ̀ wo là ń wá?"

Wọ́n ṣà á. Aránwèé ṣàkíyèsí pé òróró inú ọ̀dà ti wọ inú bébà kọjá ibi tí a gé. Ó fi òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n bí omi tíì sílẹ̀ létí ojú ìwé tó kù. Bí ó bá mú ìgékù kan, òrùka tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ojú ìwé mu bí ìdajì àwo méjì. Ó ń tú ìwé náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bébà tín-ín-rín tó rí bí èèpo àlùbọ́sà lẹ etí rẹ̀ padà. Bí lẹ́ẹ̀ bá sì ń gbẹ, ó ń kà á. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fo ìlà kan.

Ọkùnrin inú ìwé náà ń tọ́jú afárá igi kan. Bí odò bá kún, a gbé afárá lọ. Bí odò bá fà, ọkùnrin náà a tún un mọ. Àwọn ará ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tó fẹ́ràn wà ní òdìkejì, wọ́n sì ní kó wá ọkọ̀ ojú omi kó lọ bá a kó sinmi, ṣùgbọ́n kò gbà. Aránwèé ń bá a jà. Nígbà míì a kọ háà, nígbà míì a bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan. Nígbà tó dé ibi tí odò ti gbé afárá lọ lójú obìnrin náà, Ọ̀gá rí i tó ń fi apá nu ojú.

Ọ̀gá kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba ilé ìfọṣọ lọ.

"Ọmọ mi," ló wí fún Alágbàfọ̀, "mi ò bá ẹnikẹ́ni dá sí ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Ṣẹ́ẹ̀tì ni mo kó wá. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ mi ti ń bá ìwé sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òórùn ọṣẹ wọlé. Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dání. Ó wo tábìlì, ó rí àwọn ìgékù tó ti rún, tí Aránwèé fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọn kò sì nà. Ó rí búlúù tó mọ̀, ó rí pupa rúsúrúsú tó mọ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Wọ́n ní o ti ń bá ìwé sọ̀rọ̀."

"Òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òmùgọ̀ ni mí."

"Ìwé yẹn kì í purọ́." Ó fa àga kan. "Gbé òkúta burúkú yẹn kúrò. Ta ló ń fi òkúta na nǹkan? Bá mi wá aṣọ tó tutù díẹ̀."

Ó tẹ́ aṣọ sórí ìgékù kọ̀ọ̀kan, ó rọra gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kò jẹ́ kó gbóná débi tí ọ̀dà á fi yọ́. Ó ń nà án, Aránwèé ń lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Ọ̀gá kò sì wú ikọ́ mọ́ kó tó jáde.

"Ọkùnrin yẹn lágídí jù," ni Alágbàfọ̀ wí lọ́jọ́ kan. "Kó wọ ọkọ̀ ojú omi kó lọ bá obìnrin rẹ̀, ó yọ ara rẹ̀ lẹ́nu."

"Kì í ṣe agídí. Bó bá lọ, ta ni yóò mọ afárá fún àwọn tó kù? Ṣé o rí i, kó tó kan pákó tuntun, ó máa ń wá ibi tí ti àtijọ́ wà. Ó máa ń béèrè lọ́wọ́ odò ohun tó gbé lọ." Ó dá ọwọ́ dúró. "O ní kí n sọ fún ọ lọ́jọ́ tí mo bá ní i. Mo ti ní ìwé tí mo fẹ́ràn jù."

Alágbàfọ̀ kò gbójú sókè. "Nítorí mi lo ṣe ń wí bẹ́ẹ̀."

"Nítorí rẹ ni mo ṣe ṣí i. Nítorí ara rẹ̀ ni mo ṣe kà á tán. Òun nìkan ni ìwé tí mo mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, tí mo sì mọ bó ṣe parí."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kó má baà jó o. "Olólùfẹ́ oníwèé," ló wí wẹ́lẹ́. 

Ìgékù kan ṣoṣo ni wọn kò rí, ti ojú ìwé tí afárá ti wó. Ọ̀gá jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun ti fi í nu gọ́ọ̀mù. "Tẹ ìka tìrẹ síbẹ̀," ló wí. "Ṣé bàbá náà ríran ni?"

"Ìka wọn ríran, sà," ni Aránwèé dáhùn. Ó lẹ bébà funfun síbẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà padà lọ, bàbá náà gbà á. Ó ṣí i. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ sí etí, ó sì dúró. Ó ń rìn, ó ń dúró.

"Búlúù nìyí," ló wí. "Ilé ìwòsàn ni mo kùn lọ́jọ́ náà. Ibí ni wọ́n ti gbé pákó àkọ́kọ́ dé." Ó ṣí òmíràn. "Èyí, ògiri ilé ẹ̀kọ́ yín ni, ọmọ mi. O ní kí n má tẹ̀ ẹ́ nípọn, mi ò gbọ́." Ẹ̀rín ń bọ̀ lójú rẹ̀. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí ó fi dé ojú ìwé tí afárá ti wó. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀. Ó padà, ó tún yọ̀.

"Ibí yìí ńkọ́?"

Aránwèé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. "Mo wá a tì, Bàbá. Mi ò rí i. Mi ò sì lè fi èké dí i."

Bàbá náà tún fi àtàǹpàkò pa ibi tó ṣófo náà. Alágbàfọ̀ di ẹ̀yìn àga mú.

"Ẹ̀yìn ikú ìyá ọmọ yìí la ka ibẹ̀," ni bàbá náà wí nígbẹ̀yìn. "Mo ní mi ò kàwé mọ́. Ó kéré nígbà náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi àtàǹpàkò mi sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, ó ní, 'Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀la a máa bá a lọ láti ibí.'" Ó yí orí sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Agolo ọ̀dà tó kù lábẹ́ àkàbà, ṣé kò tíì gbẹ?"

Alágbàfọ̀ sáré lọ gbé e wá. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni. Ó fi igi rò ó títí ìdí rẹ̀ fi rọ̀.

"Gbé ọwọ́ rẹ wá," ni bàbá náà wí.

"Tèmi kọ́, Bàbá. Tiyín ló yẹ kó wà níbẹ̀."

"Mo ti tẹ tèmi lẹ́ẹ̀kan, ìwọ gé e." Ó rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí n rí èyí tó o fẹ́ gé báyìí."

Ó di ọrùn ọwọ́ Aránwèé mú, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ bọ ọ̀dà, ó fi ìka tirẹ̀ wá ibi tó ṣófo náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ṣinṣin.

"Ó dáa," ni bàbá náà wí. "Ọ̀la ẹ máa bá a lọ láti ibí. Ẹ̀yin méjèèjì. Mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ìwé mi kò ní kúrò nílé yìí, nítorí náà, ẹ wá ilé tó sún mọ́ mi."

Aránwèé dìde nílẹ̀. Alágbàfọ̀ fà á lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó sì ṣí i. Ó gbá ọwọ́ náà mú, ó wo àtàǹpàkò aláwọ̀ ewé yẹn bó ṣe máa ń wo aṣọ kó tó fọ̀ ọ́.

"Mo mọ ohun tó ń yọ ọ̀dà," ló wí. "Ṣé kí n bá ọ yọ ọ́?"

"Béèrè ohun tó ta sí i ná."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti omi pa, ó sì fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé ti Aránwèé, títí ọ̀dà fi wà lára àwọn méjèèjì.